Orí Kẹfà: Ẹgbẹ́ Bakitéríà Tó Ń Lé Náítírójìn Kúrò Nínú Omi Ìdọ̀tí

Àgbàlagbà tó bá jẹun kánú máa ń tọ náítírójìn bíi gíráàmù 10 jáde lóòjọ́. Inú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin tó jẹ ni náítírójìn náà ti wá. Ara mú èyí tó nílò, ó sì da ìyókù sínú ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá ti kúrò lára, kì í pẹ́ tí àwọn bakitéríà fi máa ń sọ yúríà inú rẹ̀ di amóníà, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta wá nímú ní ilé ìtọ̀ inú ọjà tàbí ibùdókọ̀. Ní ìlú tí èèyàn mílíọ̀nù kan ń gbé, náítírójìn bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló ń bá omi ìdọ̀tí lọ lójoojúmọ́, kí a tó ka ti ilé ìpẹran àti ti ilé iṣẹ́ mọ́ ọn.

Náítírójìn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nínú afẹ́fẹ́. Ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ni. Ìgbà tó bá wọ omi, tó di amóníà tàbí náítíréètì, ni wàhálà dé. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹni tó ń tọ́jú omi ìdọ̀tí, nígbà náà, ni kó dá náítírójìn inú omi padà sí ojú ọ̀run, kó má sì fi iná mànàmáná àti owó ìlú ṣòfò nídìí rẹ̀. Bakitéríà ló ń bá wa ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ nínú orí yìí ni pé wíwá bakitéríà kan tó lágbára ju gbogbo wọn lọ kò ran omi lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì mọ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù ni omi rẹ̀ ń mọ́.

Ìpalára tí a ń sá fún

Amóníà ń pa ẹja, pàápàá nínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Èyí tí kò bá pa ẹja a di ajílẹ̀ fún ohun tó ń hù lójú omi. Ewéko tín-ín-tín tí kò ní gbòǹgbò a gbilẹ̀, omi a di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n bá kú, bakitéríà tó ń jẹ òkú wọn a gba ọ́síjìn inú omi tán, ẹja a sì kú nítorí pé kò rí ohun tó máa mí. Àwọn apẹja Badagry, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú mọ ewéko olódòdó àlùkò tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewéko náà ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1984 ni wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú omi Badagry, lẹ́yìn tó gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọlé. Láti ìgbà náà, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń ṣàn láti ilé wa wọ ọ̀sà wà lára ohun tó ń bọ́ ọ.

Ewu kejì wà nínú kànga. Sókàwéè kì í yọ náítírójìn. Ohun líle ló ń gbà dúró. Omi tó kún fún amóníà a rọra wọ inú ilẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni bakitéríà inú ilẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ di náítíréètì, náítíréètì kì í sì í lẹ̀ mọ́ iyanrìn. Yóò bá omi lọ títí dé kànga aládùúgbò. Lọ́dún 1945, Hunter Comly, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí tí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi kànga po mílíìkì fún fi ń ṣú láwọ̀: náítíréètì inú omi náà ń di náítíráìtì nínú wọn, kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé náítíréètì inú lítà omi mímu kan kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ. Kí gbogbo ìyá tó ń fún ọmọ ní ìgò fi èyí sọ́kàn: síse omi kì í lé náítíréètì lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ṣe ni náítíréètì inú èyí tó kù ń pọ̀ sí i.

Ọ̀nà àtijọ́

Lọ́dún 1877, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, ń da omi ìdọ̀tí sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn tí wọ́n rọ iyanrìn àti òkúta láìmù sí. Fún nǹkan bí ogún ọjọ́, amóníà tó wọlé lókè náà ló ń jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni náítíréètì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dípò rẹ̀. Wọ́n fi kulorofọ́ọ̀mù sí i, náítíréètì dáwọ́ dúró. Wọ́n bu omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ díẹ̀ lé e, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kẹ́míkà lásán ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni ì bá máa retí fún ogún ọjọ́, kí ló sì kan kulorofọ́ọ̀mù? Ohun ẹlẹ́mìí ti ń bí sí i nínú iyanrìn náà.

Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Zurich, ló rí wọn mú ní nǹkan bí ọdún 1890. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń gbé omi ẹran àti gèlátìnì síwájú bakitéríà wọ̀nyí, wọn kò sì rí wọn kó hù, nítorí pé wọn kì í jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Amóníà ló ń fún wọn lágbára, inú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí sóde ni wọ́n sì ti ń mú kábọ́nì tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn. Winogradsky tún fi hàn pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀wọ́ kìíní, tí Nitrosomonas wà lára wọn, ń sọ amóníà di náítíráìtì. Ọ̀wọ́ kejì, tí Nitrobacter àti Nitrospira wà lára wọn, ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Lọ́dún 2015 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú Nitrospira kan tó ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe, àmọ́ òun náà kò kọjá náítíréètì. Ọ̀wọ́ kẹta ló ń parí iṣẹ́: níbi tí ọ́síjìn bá ti tán, wọ́n ń mí náítíréètì dípò ọ́síjìn, wọ́n sì ń tú náítírójìn sílẹ̀ sójú ọ̀run.

Orí àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú omi ayé dúró lé, pẹ̀lú ọgbọ́n kan tí Edward Ardern àti William Lockett gbé jáde ní Manchester lọ́dún 1914. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ìdọ̀tí títí tó fi mọ́, wọ́n a da omi tó mọ́ kúrò, wọ́n a fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n a sì da omi ìdọ̀tí tuntun lé e. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ń yá sí i, títí tí ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń kó dànù ni àwọn òṣìṣẹ́ wà.

Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń jẹ owó. Gíráàmù kan náítírójìn inú amóníà ń fẹ́ ju gíráàmù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọ́síjìn lọ kó tó di náítíréètì. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn náà wà lára ohun tó ń jẹ iná mànàmáná jù nínú ilé ìtọ́jú omi. Lẹ́yìn náà, ọ̀wọ́ kẹta ń bèèrè oúnjẹ tó ní kábọ́nì, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ti jẹ́ kí àwọn mìíràn jẹ èyí tó wà nínú omi tán. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ra mẹ́tánọ́ọ̀lù láti fi bọ́ wọn.

Amóníà tó ń sọnù ní Delft

Lọ́dún 1977, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Vienna, Engelbert Broda, jókòó ti ìṣirò agbára. Ó rí i pé ó yẹ kí bakitéríà kan wà láyé tó lè pa amóníà pọ̀ mọ́ náítíráìtì láìlo ọ́síjìn, kó sì máa rí agbára jẹ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ilé iṣẹ́ ìwúkàrà kan wà ní ìlú Delft ní Nẹ́dálándì, tó ń jẹ́ Gist-brocades nígbà náà. Ìlú yìí náà ni Antonie van Leeuwenhoek ti kọ́kọ́ fojú rí bakitéríà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Arnold Mulder ń ṣọ́ táǹkì kékeré kan tí wọ́n fi ń dán ìtọ́jú omi ilé iṣẹ́ náà wò. Wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn sí táǹkì yìí rárá, síbẹ̀ amóníà inú rẹ̀ ń dín kù, náítíréètì ń bá a dín kù, náítírójìn sì ń tú jáde. Gbogbo ìwé ló sọ pé amóníà kì í lọ níbi tí ọ́síjìn kò bá sí.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Gijs Kuenen àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní yunifásítì Delft. Wọ́n fi ooru pa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ táǹkì náà, amóníà kò lọ mọ́. Ohun ẹlẹ́mìí ló ń ṣe é nìyẹn. Ó kù kí wọ́n mọ ibi tí gáàsì náà ti ń wá. Oríṣi náítírójìn méjì ló wà, ọ̀kan wọn 14, ìkejì wọn 15. Wọ́n fi èyí tó wúwo sínú amóníà, wọ́n fi èyí tó fúyẹ́ sínú náítíréètì, wọ́n wá wọn gáàsì tó jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló wọn 29, ìyẹn 15 pọ̀ mọ́ 14: ìdajì láti ọ̀dọ̀ amóníà, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀ bí kò ṣe pé ohun kan ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Lọ́dún 1995 ni wọ́n tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún hàn pé náítíráìtì gan-an ni ẹnìkejì tí amóníà ń bá pọ̀, bí Broda ti wí. Anammox ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya bakitéríà náà sọ́tọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Kì í hù nínú àwo bíi ti àwọn yòókù. Marc Strous, Mike Jetten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ tó ń yí bírí sẹ́ ẹ títí tí ó fi ku àlejò kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kódà nígbà náà, àfi tí ó bá ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ nínú mílílítà omi kan ni wọ́n tó ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá kéré sí bẹ́ẹ̀, wọ́n a dákẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe dá a mọ̀ lọ́dún 1999. Títí di òní, orúkọ ìdúródè ni àwọn onímọ̀ ń fi pe àwọn bakitéríà anammox, nítorí pé inú àwùjọ ni wọ́n ṣì ń gbé wọn.

Nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, yàrá kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá dídìpọ̀ gan-an mọ odi rẹ̀. Inú yàrá yìí ni wọ́n ti ń ṣe hydrazine, májèlé tí àwọn èèyàn fi ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè, kí wọ́n tó sọ ọ́ di náítírójìn.

Inú hóró pupa kan

Nínú ọ̀pọ̀ táǹkì anammox, bakitéríà kì í léfòó káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń so mọ́ ara wọn, wọ́n ń di hóró pupa tó ń yọ̀, tí kò sì ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ohun tó mú un pupa ni hímù, èròjà onírin tó mú kí ẹ̀jẹ̀ tiwa náà pupa. Ó pọ̀ nínú purotéènì tí anammox fi ń ṣiṣẹ́.

Tí a bá la hóró náà sí méjì tí a fi màíkírósíkóòpù wò ó, a óò rí i pé ibùgbé wọn ní ètò. Nitrosomonas ló wà ní ìta. Wọ́n ń gba ọ́síjìn tó bá kan hóró náà, wọ́n sì fi ń sọ apá kan amóníà di náítíráìtì. Ọ́síjìn kì í sábà wọlé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ kí wọ́n tó lò ó tán. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ti anammox, nítorí pé ọ́síjìn díẹ̀ báyìí ti tó láti dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Náítíráìtì tí àwọn ará ìta tú sílẹ̀ á wọlé bá wọn, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ amóníà tó kù, náítírójìn á sì máa hó jáde.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè: Nitrosomonas kò lè sọ amóníà di gáàsì náítírójìn tán, anammox kò sì lè sún mọ́ ọ́síjìn láti wá náítíráìtì fúnra rẹ̀. Èyí tó wà níta ń dáàbò bo ti inú, ó sì ń fún un lóúnjẹ. Ti inú ń kó náítíráìtì kúrò kó má baà pọ̀ débi tí yóò fi di májèlé fún gbogbo wọn.

Ọ̀wọ́ kẹta kò ṣàìsí níbẹ̀. Nínú gbogbo náítírójìn tó gba ọwọ́ anammox, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà di náítíréètì. Àwọn bakitéríà tó ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì inú hóró náà ló ń mí náítíréètì yìí, wọ́n sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di gáàsì. Nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì amóníà nìkan ló ń kan ọ́síjìn, tí kò sì dé náítíréètì, ọ́síjìn tí wọ́n ń lò kò tó ìdajì ti ọ̀nà àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ra mẹ́tánọ́ọ̀lù fún wọn.

Sùúrù Rotterdam

Lọ́dún 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ táǹkì ńlá àkọ́kọ́ láyé fún anammox ní Rotterdam, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé ìtọ́jú omi Dokhaven. Omi tí wọ́n fún jáde lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti jẹrà ni wọ́n ń dà sí i, èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́, tí amóníà rẹ̀ pọ̀, tí kábọ́nì inú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti fò lọ tààrà sí táǹkì tó gba lítà 70,000.

Bakitéríà tó wọ́pọ̀ nínú ìfun wa lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú tí ara bá tù ú. Ti anammox ń gba ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá ní Rotterdam. Fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn omi kò fi hàn pé anammox kankan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. DNA wọn ni àwọn onímọ̀ ń kà, wọ́n sì rí i pé ó ń di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì, bí ojú omi tilẹ̀ dákẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n da táǹkì náà nù. Ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Nígbà tí ó gbà tán, táǹkì náà ń kó náítírójìn tó tó kílógíráàmù 750 lóòjọ́, èyí tó tó ohun tí èèyàn 75,000 ń tọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé wọn bu hóró níbẹ̀ lọ gbìn sí táǹkì tiwọn, wọn kò sì dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣíṣàkóso ẹgbẹ́ náà

Nitrospira ni àlejò tí táǹkì anammox ń sá fún jù. Ó ń du náítíráìtì mọ́ anammox lọ́wọ́, ó sì ń sọ ọ́ di náítíréètì. Ẹnjiníà kò lè fi oògùn pa á láìpa àwọn yòókù, ilé ni yóò tún ṣe kó má baà gbádùn. Yóò dín ọ́síjìn kù, yóò máa tan ẹ̀rọ atẹ́gùn, yóò sì máa pa á, yóò sì jẹ́ kí omi lọ́wọ́ọ́rọ́ kí Nitrosomonas lè yá ju Nitrospira lọ. Ní Strass, ní orílẹ̀-èdè Austria, Bernhard Wett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí lọ́dún 2004. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ kan kún un tó ń yí omi po: hóró pupa wúwo, ó padà sínú táǹkì, èyí tó fúyẹ́, tí Nitrospira ń gbé inú rẹ̀, a bá omi lọ. Ohun tí wọ́n rí fi pamọ́ nínú iná mànàmáná wà lára ìdí tí ilé ìtọ́jú omi náà fi ń pèsè iná tó tó èyí tó ń lò, láti inú gáàsì gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà láti ṣọ́. Tí ọ́síjìn bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láìní ìṣàkóso, tí náítíráìtì sì pọ̀ jù, ẹgbẹ́ náà lè máa tú nitrous oxide jáde. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, gáàsì yìí ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 273 ju carbon dioxide tó wúwo tó o lọ. Ẹni tó gba omi là tó wá ba ojú ọjọ́ jẹ́ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ooru ilẹ̀ wa wúlò

Ní ìhà àríwá Yúróòpù, òtútù ni wàhálà anammox. Nígbà ọ̀gìnnìtìn, omi ìdọ̀tí ìlú máa ń tutù débi tí ìdàgbàsókè wọn, tó ti lọ́ra tẹ́lẹ̀, fi máa ń lọ́ra sí i. Ní ilé ìtọ́jú omi Changi ní Singapore, omi ìdọ̀tí kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ láéláé, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 Celsius lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru. Yeshi Cao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí anammox níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú omi ìdọ̀tí ìlú fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Wọ́n rí ilé tó bá wọn lára mu, wọ́n sì dúró.

Èkó, Ìbàdàn àti Kútọnu ní ooru yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè àti ṣáláńgá ń gbé ẹrù tí amóníà rẹ̀ ki ju ti omi ìdọ̀tí ìlú lọ. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbà á sínú táǹkì tí kò ní atẹ́gùn, yóò pèsè gáàsì ìdáná, kábọ́nì inú rẹ̀ yóò sì dín kù. Níbi tí oko bá wà nítòsí, tí wọ́n sì ti pa kòkòrò àrùn inú omi tó ṣẹ́kù, ajílẹ̀ ni omi náà jẹ́, ó yẹ kó lọ sóko. Níbi tí kò bá sí oko, irú omi tí hóró pupa ń fẹ́ gan-an ni: ó lọ́wọ́ọ́rọ́, amóníà rẹ̀ pọ̀, kábọ́nì rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun tó lè ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa kò sí lọ́wọ́ bakitéríà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè pa ẹ̀rọ atẹ́gùn lójijì, ìjàǹbá ọjọ́ kan sì lè gba oṣù púpọ̀ kí àwọn tó ń lọ́po ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, kí agbára oòrùn tàbí gáàsì táǹkì náà fúnra rẹ̀ ti wà nínú àwòrán ilé náà kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí yàrá àyẹ̀wò wà níbẹ̀, kí a sì gba àwọn tí yóò máa wọn amóníà, náítíráìtì àti ọ́síjìn lójoojúmọ́, kí a kọ́ wọn níṣẹ́, kí a sì san owó oṣù wọn déédéé. Ìjọba tó bá ra táǹkì tí kò gba irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ra irin lásán. Èyí tó bá gbà wọ́n, tó sì fún wọn láyè láti ní sùúrù, yóò rí i pé ohun tó kù láti ṣe iṣẹ́ náà kò wọ́n.